Ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù yín bí wọ́n ṣe ń kọ́lé l'Ékòó

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé l'Ékòó tí bàbá ẹ̀ kì í ṣe olówó, ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe é. Á ra ilẹ̀, á dá fáńdéṣọ̀n, á mọ ògiri, á kan páànù, tí yàrá kan bá ti ṣeé tì nínú ẹ̀ báyìí, ó ti kó ẹrù wọlé nìyẹn, ọ̀dà àti táìsì dìgbà tí owó bá tún yọjú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù yín àkọ́kọ́. Mo ti rí àwọn tó wo fídíò àwọn òyìnbó lórí YouTube, wọ́n rí káàdì ràgàjì tó ń tan iná pupa tan iná búlúù, wọ́n ní àfi káwọn kó gbogbo owó ẹ̀ jọ káwọn tó ra síkúrù kan, ọdún méjì kọjá owó ò pé, dọ́là ń gòkè, wọ́n ṣì wà lórí fóònù tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò gbá bọ́ọ̀lù.

Torí náà, ọ̀nà méjì la máa pín iṣẹ́ yìí sí. Lákọ̀ọ́kọ́ a máa to kọ̀ǹpútà tó pé, tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù, àmọ́ tí ò ní káàdì gẹ́ẹ̀mù (graphics card, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán gẹ́ẹ̀mù jáde) nínú rárá. Tó bá wá di bí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, a máa ra káàdì, a máa fi sí i, láì ju nǹkan kan dànù nínú ohun tí a ti rà tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ dì mú, torí òun ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà lónìí.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò ní kí wọ́n ra tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk, kí wọ́n ti káàdì bọ inú ẹ̀ kó parí. Tí owó yín bá kéré gan-an, ẹ rà á, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àpótí wọn tín-ín-rín débi pé káàdì kúkúrú nìkan ló lè wọ̀ ọ́, ti OptiPlex 9020, ẹnu wáyà páwà páàkì (ẹ̀yà tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà) tó lọ sára bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀) yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, ẹsẹ̀ 8 ni dípò 24, páwà páàkì ọ̀hún ò sì lágbára tó. Windows 11 náà ò gba pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel tó ti dàgbà ju 8th gen, ìran kẹjọ, lọ, Microsoft sì ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10 láti October 14, 2025. Ilé tí ẹ ò lè fi yàrá kún lẹ̀ ń rà yẹn.

Ohun tí ẹ máa rà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí pírósẹ́sọ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá dé Computer Village n'Íkẹjà tẹ́ ẹ ní CPU lẹ fẹ́ rà, odindi àpótí kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa gbé jáde fún yín, orúkọ tí gbogbo wa ń pè é látijọ́ nìyẹn. Ẹ ní processor lẹ fẹ́. Èyí tí mo máa ní kí ẹ rà ni Ryzen 5 5600G. Ó ti wà lọ́jà láti 2021, core 6 ló ní, bí ọpọlọ mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀, thread 12, ìyẹn iṣẹ́ tó lè mú lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, watt 65 ni wọ́n kọ sí i. Lẹ́tà G tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn lẹ̀ ń sanwó fún o, òun ló sọ pé ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde ti wà nínú pírósẹ́sọ̀ náà fúnra ẹ̀. 5600 lásán ò ní i, 5600X ò ní i, 5500 náà ò ní i, tí ẹ bá sì gbé ọ̀kan nínú wọn wálé láì ní káàdì, mónítọ̀ yín á kàn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Intel wá yí padà, lẹ́tà F ni kí ẹ sá fún tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí káàdì. i3-12100F dáa o, ó yá, àmọ́ kò lè gbé àwòrán jáde fúnra ẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tó bá a mu ni èyí tó jẹ́ AM4 (orúkọ ilé tí pírósẹ́sọ̀ yìí ń wọ̀), irú B450 tàbí B550. Tó bá jẹ́ B450, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé wọ́n ti ṣe update BIOS ẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) kó lè dá Ryzen 5000 mọ̀, torí bọ́ọ̀dù yìí ti wà lọ́jà kí pírósẹ́sọ̀ yẹn tó jáde. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, kí wọ́n ṣe é lójú yín. Tí wọ́n bá ní, "Kò sí wàhálà, ẹ máa gbé e lọ," ẹ ní ẹ̀yin fẹ́ràn wàhálà.

RAM, mẹ́mọ̀rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: irú DDR4, eré 3200, 16GB. Ibí ni wọ́n ti máa ń gbá èèyàn mú. Ẹ ra 8GB méjì, ẹ má ra 16GB ẹyọ kan, kódà kí ìyẹn fi díẹ̀ dínwó. Ẹ̀yà àwòrán inú 5600G ò ní mẹ́mọ̀rì tiẹ̀, inú RAM yín ló ti ń yá lò, RAM ẹyọ kan sì dà bí ọjọ́ tí wọ́n ti apá kan Third Mainland pa láàárọ̀ Monday: ọkọ̀ ń lọ ṣá, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń lọ. RAM méjì á jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì ṣí. Gẹ́ẹ̀mù tó ń há lórí RAM kan, ẹ máa rí i tó ń lọ geere lórí méjì, ẹ ò sì yí nǹkan míì padà.

SSD, ibi tí Windows àti gẹ́ẹ̀mù máa gbé, kó jẹ́ NVMe, irú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ ara bọ́ọ̀dù, ó kéré tán 500GB, tí agbára bá ká 1TB ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. GTA V nìkan ń gbà tó 100GB. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta háádì àtijọ́ tó ń yí fún yín pé kí ẹ fi Windows sí i, tó bá wà nílé tẹ́lẹ̀ ẹ fi pa fíìmù àti fọ́tò mọ́.

Kéésìn, ìyẹn àpótí tí gbogbo ẹ̀ máa wà nínú, èyí tí iwájú ẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, tó ní fáànù méjì ó kéré tán. Èyí tí wọ́n fi gíláàsì dí níwájú máa ń dùn ún wò, àmọ́ nínú ooru oṣù kẹta tiwa yìí, ààrò lẹ̀ ń rà. Mónítọ̀ tòkunbọ̀ ọ́fíìsì 22 inch dáa fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣáà wo ẹ̀yìn ẹ̀ pé ihò HDMI tàbí DisplayPort wà níbẹ̀, àwọn tó ní VGA nìkan pọ̀ nílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí.

Páwà páàkì, mo fẹ́ jókòó ti èyí díẹ̀

Òun ni fáńdéṣọ̀n. Gbogbo nǹkan tó kù, tó bá bàjẹ́, òun nìkan ló bàjẹ́. Páwà páàkì burúkú, tó bá fẹ́ kú ó lè mú bọ́ọ̀dù àti káàdì dání lọ sọ́run. Tí iná tiwa bá sì tún wá lọ wá bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ ní kí wọ́n mú un jáde, ẹ yí i, ẹ wá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, ẹ wo iye amp tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo mú ọ̀kan rí lọ́jọ́ kan, 500W gàdàgbà ló wà lára páálí ẹ̀, ìwé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ 18A. 18 lọ́nà 12, 216 nìyẹn. Ọmọ tó ń tà á ní, "Ọ̀gá mi, 500 ni, ẹ wò ó níbí." Mo ní, "Àbúrò, níbí náà ni mò ń wò." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó gbà á padà. Èyí tó bá dáa, tó jẹ́ 550W, ẹ máa rí 40 amp sókè lórí ìlà +12V yẹn. Kó ní 80 Plus Bronze, àmì pé kì í fi iná ṣòfò, kó sì wúwo lọ́wọ́, àwọn ayédèrú máa ń fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. 550W ti tó fún báyìí, ó sì ti tó fún ọjọ́ tí káàdì máa dé.

Nǹkan míì tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí wáyà iná ń wọ̀. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo ń to tèmi àkọ́kọ́, tuntun ni, nínú páálí. Èmi náà, ọ̀gbẹ́ni mo-mọ̀-ọ́n-ṣe, mo so gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo ti púlọ́ọ̀gì mọ́ ògiri, mo tan suwíìṣì. Ó dún gbàmù. Èéfín funfun yọ lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo yàrá ń rùn bí ẹja tó jóná, màmá mi sáré wọlé wọ́n ní ṣé jẹ́nẹ́rétọ̀ ló gbiná ni. 115 ni bọ́tìnì yẹn wà, torí iná àwọn ará Amẹ́ríkà ò ju 120 lọ, tiwa 230 ni. Bọ́ọ̀dù ò kú, Ọlọ́run ló yọ mí. Torí náà tí èèyàn yín bá ń ra nǹkan bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ní kí wọ́n wá èyí tí wọ́n kọ 100-240V sí, ìyẹn ò ní bọ́tìnì, á dá a mọ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn tó wà nílùú ọba ò ní wàhálà yìí, iná wọn bá tiwa mu, orí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sì bá ihò ògiri wa mu.

Ẹ ra UPS mọ́ ọn. 650VA ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà yìí láìsí káàdì, tẹ́ ẹ bá ń gbá gẹ́ẹ̀mù lórí ẹ̀, iná tó ń jẹ ò ju bíi watt 100 lọ, ẹ wá fi ti mónítọ̀ kún un. Kì í ṣe pé kí ẹ fi UPS gbá gẹ́ẹ̀mù o, kẹ́ ẹ lè rí àyè pa á dáadáa ni. Tó bá jẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré yẹn lẹ̀ ń lò, I-better-pass-my-neighbour, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó rọ́ra dúró sójú kan, kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má sì tan áyọ́ọ̀nù lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà láàárín gẹ́ẹ̀mù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jà

Ẹ má tẹ̀lé ọmọ tó bá dì yín lápá lójú títì ní Ọ̀tìgbà, ní Computer Village, pé òun mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á. Owó tiẹ̀ á wà lórí ohun tẹ́ ẹ rà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mẹ́rin fúnra yín, ẹ béèrè, ẹ kọ iye tí wọ́n pè sílẹ̀, ẹ lọ jẹun, kẹ́ ẹ tó padà wá ná an. Àwọn tó wà n'Ìbàdàn, ọjà kọ̀ǹpútà Queen Cinema wà níbẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara ọjà wà lórí ẹ̀, ẹ sì bi wọ́n kí ẹ tó sanwó pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń gba ọjà padà tó bá ṣe ségesège, torí tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín ohùn máa ń yí.

Tó bá jẹ́ pírósẹ́sọ̀ tòkunbọ̀, ẹ yí ikùn ẹ̀ sókè, ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ wo àwọn ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ 1331 tó wà níbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí wọ́n tò gbọọrọ bí ebè oko. Tí ọ̀kan bá tẹ̀, ẹ máa rí i pé ìlà yẹn wọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tò ó

Sukurudiráífà Phillips kan, èyí tí orí ẹ̀ rí bí àmì +, ti tó. Orí tábìlì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ má jókòó sórí rọ́ọ̀gì. Ẹ mọ bí súwẹ́tà ṣe máa ń ta páràpàrà lára yín tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ nígbà ọyẹ́, iná kékeré yẹn lè pa RAM. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fọwọ́ kan irin kéésìn tí ò ní ọ̀dà lára, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè.

1. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù sórí páálí tó bá a wá. Ẹ gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pírósẹ́sọ̀ sókè kó dúró ṣánṣán. Igun kan lára pírósẹ́sọ̀ ní àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ góòlù, irú ẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wojú ara wọn. Ẹ kàn gbé e lé e ni, kó jábọ́ sínú ilé ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí kò bá wọlé ẹ má tì í, ẹ gbé e, ẹ wò ó, ẹ tún un gbé. Tó bá ti jókòó pẹrẹsẹ, ẹ dá irin yẹn padà sílẹ̀.

2. RAM. Ẹ kà á láti ọ̀dọ̀ pírósẹ́sọ̀ lọ, ihò kejì àti ihò kẹrin ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe kìíní àti ìkejì. Tó bá jẹ́ ihò méjì péré ni bọ́ọ̀dù yín ní, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún kọ́. Ó máa ń gba agbára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ "kọ̀ǹpútà mi ò tàn" tí mo ti gbọ́, RAM tí ò wọlé délẹ̀ ni.

3. SSD. Ẹ dà á ní ìdagẹ̀rẹ̀ sínú ihò M.2 tó súnmọ́ pírósẹ́sọ̀ jù, ẹ tẹ ìdí ẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi síkúrù dì í. Síkúrù yìí kéré bí ẹyọ ìrẹsì, inú ọ̀rá kékeré kan nínú páálí bọ́ọ̀dù ló wà. Tèmi bọ́ sílẹ̀, mo dojú bolẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá a lábẹ́ ìjókòó fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ tẹ́ àwo sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i.

4. Fáànù pírósẹ́sọ̀. Èyí tó bá 5600G wá nínú páálí ti tó. Ẹ máa rí ike dúdú méjì lára bọ́ọ̀dù, ẹ tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dì wọ́n mú. Bẹ́ ẹ bá ti tú u, irin pẹlẹbẹ kan máa jábọ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, ẹ gbé e padà, kí ẹnìkan bá yín dì í mú láti ẹ̀yìn. Páàsìtì eérú tó wà nídìí fáànù yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi òmíràn kún un. Ẹ gbé fáànù lé e, ẹ mú síkúrù mẹ́rin náà ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ yí ọ̀kan díẹ̀, ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní igun kejì, ẹ yí ìyẹn náà díẹ̀, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ yí po. Tẹ́ ẹ bá yí ọ̀kan délẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan ìkejì, kò ní jókòó dọ́gba. Ẹ ti wáyà ẹ̀ bọ ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí.

5. Ẹ má tíì gbé e wọ kéésìn. Ẹ gbé páwà páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì, ẹ so wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 mọ́ ọn, ẹ so ẹlẹ́sẹ̀ 8 tí wọ́n kọ CPU sí mọ́ òkè lọ́wọ́ òsì. Ẹ ṣọ́ra níbí o: wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 8 mìíràn wà tí wọ́n kọ PCIe sí, tó máa ń pín sí 6 àti 2, ti káàdì nìyẹn, wọ́n jọra bí ìbejì, àmọ́ iná inú wọn ò tò bákan náà, ẹni tó bá fi tipátipá ki ọ̀kan bọ ilé èkejì á jó nǹkan. Ẹ so mónítọ̀ mọ́ HDMI tó wà lára bọ́ọ̀dù, ẹ tan páwà páàkì, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu sukurudiráífà kan ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n kọ PWR SW sí pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáànù á yí, mónítọ̀ á gbé àmì bọ́ọ̀dù jáde. Ẹ pariwo tó bá wù yín. Tí kò bá gbé nǹkan jáde, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ní iná kékeré mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA, BOOT sí, èyí tó bá ń tàn tí kò kú ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, DRAM ni, ẹ yọ RAM, ẹ tún un tẹ̀.

6. Ó ti tàn, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ máa gbé e wọ kéésìn. Irin tó máa ń dí ihò ẹ̀yìn, èyí tí USB àti HDMI ń yọjú níbẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, gbogbo wa la ti gbàgbé ẹ̀ rí tá a tún gbogbo ẹ̀ tú. Ẹ rí i pé àwọn ẹsẹ̀ bàbà kékeré wà lábẹ́ gbogbo ibi tí bọ́ọ̀dù ní ihò síkúrù, kí ikùn bọ́ọ̀dù má bàa fara kan irin. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú kéésìn ló máa ń mú orí gbóná, PWR SW, RESET SW, àwọn LED. Ẹ ṣí ìwé bọ́ọ̀dù síbi tí wọ́n yàwòrán ẹ̀ sí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ti suwíìṣì, bó ṣe wù kí ẹ kọjú ẹ̀ sí á ṣiṣẹ́, ti LED nìkan ló mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

BIOS àti Windows

Tó bá ti tàn, ẹ máa tẹ Delete léraléra kó lè gbé yín wọ BIOS. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wá níbẹ̀ ni XMP, àwọn bọ́ọ̀dù kan ń pè é ní DOCP, ẹ tan án. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ RAM 3200 tẹ́ ẹ fowó gidi rà á kàn máa sáré ní 2133 tàbí 2400, kò sì ní bá yín wí. Ọ̀rẹ́ mi kan lò ó bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé 5600G ò dáa. Ẹ tún tan fTPM, ẹ̀yà ààbò inú pírósẹ́sọ̀, Windows 11 máa béèrè ẹ̀.

Windows, orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lẹ ti máa gbé e sórí fúláàṣì 8GB, Media Creation Tool lórí sáìtì Microsoft ló ń ṣe é, dátà alẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá ń béèrè product key, ẹ tẹ ibi tó wà nísàlẹ̀ tó sọ pé ẹ ò ní, á jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ má gba fúláàṣì tí ọmọ kan ní òun ti ṣe activate ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọjà, ẹ ò mọ ohun tó kó sínú ẹ̀, báǹkì yín lẹ máa ṣí lórí kọ̀ǹpútà yìí. Tó bá ti wọlé tán, ẹ lọ sáìtì AMD ẹ gbé driver àwòrán ẹ̀ wá, ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo ibi Memory kẹ́ ẹ rí i pé 3200 ló kọ síbẹ̀.

Ẹ ti kó wọlé nìyẹn. eFootball ń lọ, ọ̀fẹ́ ni lórí Steam, ṣọ́ọ̀bù gẹ́ẹ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Valorant àti CS2 náà, ọ̀fẹ́ ni, tí ẹ bá rẹ setting wọn sílẹ̀ wọ́n á yá. GTA V ń lọ geere ní 1080p tẹ́ ẹ bá fi sí Normal. Epic Games ń fún èèyàn ní gẹ́ẹ̀mù ọ̀fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa gbà á kódà kẹ́ ẹ má tíì gbá a, ẹ ń kó blọ́ọ̀kù jọ ni. Cyberpunk àti irú ẹ̀ tó wúwo, ẹ ṣe sùúrù fún wọn.

Ọjọ́ tí owó káàdì bá pé

Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ wá ni RX 6600, 8GB, watt 132 ló ń jẹ, wáyà PCIe ẹlẹ́sẹ̀ 8 kan ló ń béèrè, 550W yín á gbé e láì mí gúlegúle. Tí kò bá sí, GTX 1660 Super tòkunbọ̀ náà dáa. Ẹ má ra RX 6500 XT sórí ilé tá a kọ́ yìí, ọ̀nà mẹ́rin péré ni káàdì yẹn fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ó nílò ọ̀nà tó yára, PCIe 4.0, kó tó lè mí dáadáa, bẹ́ẹ̀ 3.0 ni 5600G ń fún un.

Tòkunbọ̀, ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti pa máíníìnì (fífi káàdì wa owó náà) rẹ́ ní September 2022 ni wọ́n ti ń kó àwọn káàdì tó fi tọ̀sán-tòru ṣiṣẹ́ dà sọ́jà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà lójú yín, kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́, àwọn ayédèrú NVIDIA tí wọ́n yí orúkọ inú wọn padà, ó máa ń kọ FAKE síwájú wọn. Kí wọ́n wá tan FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ gbọ́ fáànù ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwòrán ń ta tòtótò. Ẹni tí ò bá gbà kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ gbé e délé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti bílówà gbá eruku ọyẹ́ tó ti kún inú kéésìn jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ di fáànù mú kó má yí tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ẹ tú irin ẹ̀yìn méjì, ẹ ti káàdì bọ ihò gígùn tó wà lókè jù títí á fi dún kọ́, ẹ fi síkúrù dì í, ẹ so wáyà PCIe mọ́ ọn. Ẹ tún wá ṣe nǹkan kan tó kù. Àbúrò mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó fi káàdì tiẹ̀ sí i, inú ń bí i, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti gbá mi l'Íkẹjà, gẹ́ẹ̀mù yìí ò yàtọ̀ rárá sí ti àná." Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ibo ni HDMI ẹ̀ wà? Ó dákẹ́. Ara bọ́ọ̀dù ló ṣì wà. Mo ní kó yọ ọ́ níbẹ̀, kó fi sára káàdì.